Igi Kérésì Tí Ò Rí Oorun Sùn Ní Iléṣà

ÌBÉÈRÈ LỌ́DỌ̀ ÌYÁ ỌLỌ́GBÀ

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn igi àti ewéko. Ìbéèrè tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ lóṣù Kẹta yìí pọ̀, ṣùgbọ́n ó yà mí lẹ́nu pé márùn-ún nínú wọn ló dá lé igi kan náà, ìyẹn igi firi, igi Kérésì àwọn òyìnbó, mo wá ní kí n kúkú kó wọn jọ sójú kan. Èyí tí Ìyá Ìbejì kọ láti Iléṣà ló wọ̀ mí lọ́kàn jù, òun ni mo máa kọ́kọ́ dáhùn, màá sì pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Ọlọ́gbà. Ọmọ mi ọkùnrin tó wà ní Jámánì wálé lóṣù Kejìlá, ó gbé igi Kérésì kékeré kan dání nínú ìkòkò, ojúlówó ni o, kì í ṣe oníke, gíga ẹ̀ á tó ẹsẹ̀ bàtà méjì. Ó ní kí n máa fi rántí òun. Lẹ́yìn ọdún tuntun mo gbìn ín síwájú ilé, mò ń bomi rin ín láàárọ̀ lálẹ́, mo fi ìgbẹ́ adìẹ sí i. Ní báyìí orí ewé ẹ̀ ti ń pọ́n, ó ń gbọ̀n sílẹ̀, kò sì mú ewé tuntun kankan jáde. Àwọn ará àdúgbò ní ọwọ́ ayé ló wà nídìí ẹ̀, ẹnì kan tiẹ̀ ní kí n lọ wádìí ẹni tó ń da iyọ̀ sí i. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣe tí ò dáa? Èmi Ìyá Ìbejì, Iléṣà."

Ìyá Ìbejì mi, ẹ kú ìtọ́jú o. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gba ẹrù yẹn kúrò lórí yín: kò sí ọwọ́ ayé níbẹ̀, ẹ má bá ará ilé kan tàbí ará àdúgbò jà nítorí ẹ. Ohun tí igi yẹn ń wá ò sí ní Iléṣà, kò sí n'Ífẹ̀, owó ò sì lè rà á síwájú ilé yín. Òtútù ni. Kì í ṣe òtútù ọyẹ́ tá a máa ń wọ súwẹ́tà fún láàárọ̀ o, òtútù gidi, tó máa wà nílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta mẹ́rin kí igi lè rí oorun sùn.

Mo wo fọ́tò yín dáadáa. Ewé ẹ̀ pẹlẹbẹ, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ń dá dúró lára ẹ̀ka, kò sí pé méjì tàbí mẹ́ta jọ so pọ̀ nídìí kan. Tẹ́ ẹ bá yí ewé náà padà ẹ máa rí ìlà funfun méjì lábẹ́ ẹ̀, ẹ tún wo ibi tí ewé ti gbọ̀n, ojú ibẹ̀ á rí róbótó á sì dán, bí ìgbà tí èèyàn fi ìdí bírò tẹ nǹkan. Firi gidi nìyẹn. Torí pé Jámánì ló ti wá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi lójú pé irú tí wọ́n ń pè ní Nordmann ni, òun ni wọ́n ń tà jù lọ́hùn-ún fún Kérésì nítorí pé ewé ẹ̀ kì í tètè gbọ̀n nínú pálọ̀, kì í sì í gún ọmọdé lọ́wọ́. Ọdún tí mo lọ kí àbúrò mi níbẹ̀, mo débi tí wọ́n ti ń tà á, òpó òpó ni wọ́n tò ó ní gbangba, tẹ́ ẹ bá ti mú tiyín wọ́n á tì í gba inú páìpù ńlá kan tí ẹnu ẹ̀ fẹ̀, àwọ̀n á ti wé e pinpin kó tó jáde lódìkejì, ẹ lè wá gbé e wọ ọkọ̀. Òórùn ẹ̀ ṣì wà nímú mi títí di òní, ó mọ́, ó sì tutù.

Jámánì kọ́ ni ilé ẹ̀ gan-an o. Orí àwọn òkè tó yí Òkun Dúdú ká lápá gúúsù àti ìlà oòrùn ló ti wá, ní Tọ́kì, ní Jọ́jíà, àti apá ibi tí Rọ́ṣíà ti kángun síbẹ̀, lórí ilẹ̀ tó ga tó 900 mítà títí dé nǹkan bíi 2,200 mítà ju ojú òkun lọ. Iléṣà wa yìí, pẹ̀lú gbogbo òkè tó yí wa ká, kò dé ìdajì 900 yẹn. Alexander von Nordmann, ọ̀jọ̀gbọ́n ọmọ ilẹ̀ Finland kan tó kú lọ́dún 1866, ni wọ́n fi orúkọ ẹ̀ sọ igi náà.

Ẹsẹ̀ bàtà méjì lẹ̀ ń rí, ṣùgbọ́n òmìrán ni ọmọ yín gbé wálé yẹn. Nílé ẹ̀, ó lè ga tó 60 mítà, gbọọrọ, láìtẹ̀. Ẹ ronú Ilé Kòkó n'Íbàdàn, 105 mítà ni gíga ẹ̀, igi yìí á lé ní ìdajì ẹ̀. Ìdí ẹ̀ á fẹ̀, orí ẹ̀ á ṣe ṣóńṣó, yìnyín ló sì fà á tó fi rí bẹ́ẹ̀, torí tí yìnyín bá bà lé e, ńṣe lá máa yọ̀ bọ́ sílẹ̀ bí omi ṣe ń ṣàn lórí páànù, ẹ̀ka ò ní dá. Ewé ẹ̀ tó rí tín-ín-rín tó sì ní ọ̀rá lójú kì í jẹ́ kí omi inú ẹ̀ sá lọ nígbà tí ilẹ̀ bá dì. Àràbà tiwa máa ń wọ́wé tó bá di ẹ̀ẹ̀rùn, igi á wà ní ìhòòhò, àmọ́ firi kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ewé tó hù lọ́dún yìí á wà lára ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, díẹ̀díẹ̀ ni ti àtijọ́ ń bọ́ tí tuntun ń gbapò ẹ̀, ìyẹn ló ṣe máa ń dúdú yọ̀yọ̀ tẹ̀ẹ̀rùn tòjò. Lọ́dọọdún ó máa ń ní ìpele ẹ̀ka kan. Ẹ ka ìpele tó wà lára tiyín, ẹ máa rí i pé kò kéré lọ́jọ́ orí bó ṣe kéré lójú, ó ti lè tó ọmọ ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún, torí lọ́mọdé kì í yára dàgbà rárá.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ oorun. Lọ́hùn-ún, tó bá ti di bí oṣù Kẹsàn-án, ilẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tètè ṣú, igi á mọ̀ pé òtútù ti ń bọ̀, á fi èèpo líle bo ọ̀mùnú ẹ̀, á sì sùn. Òtútù tó lè wọ -25 dígírì, ó lè fara dà á nínú oorun yẹn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ púpọ̀ nínú òtútù, tí ilẹ̀ bá tún móoru padà, ìgbà yẹn lọ̀mùnú á là, tí ewé tuntun á yọ. Òtútù yẹn gan-an ni aago tó ń jí i. Tí ò bá rí i, ọ̀mùnú á kàn jókòó bẹ́ẹ̀, kò ní mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Ojúmọmọ Jámánì nígbà òtútù ò ju bíi wákàtí 8 lọ, nígbà ooru á tó 16. Tiwa ńkọ́? Wákàtí 12 ṣáá ni tọdún tọdún, ó ń fi díẹ̀ lé, ó ń fi díẹ̀ dín. Igi yín ò rí àmì kankan látìgbà tó ti dé. Oòrùn pọ̀ fún un, oorun ni ò sí.

Ooru òru náà tún wà níbẹ̀. Lójú ọ̀sán ni igi ń ṣe oúnjẹ, tó bá dòru á máa ná lára ẹ̀ kó lè wà láàyè. Tí òru bá tutù, ìnáwó á kéré. Lọ́dọ̀ wa òru pàápàá ń móoru, á ná èrè ọ̀sán tán, á wá máa jẹ lára owó tó fi bẹ̀rẹ̀ ọjà. Ẹ̀yin Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n fi òwò mọ̀, ẹ mọ ibi tírú ọjà bẹ́ẹ̀ ń já sí.

Ẹ wò ó, kì í ṣe òjò ló fẹ́. Òjò ilé ẹ̀ kọjá 1,000 mìlímítà lọ́dún, tiwa náà kọjá bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ wa gan-an ò burú fún un, ó fẹ́ ilẹ̀ tó jìn, tó ní áásíìdì díẹ̀, tí omi ń gba inú ẹ̀ lọ tí kò dúró. Nǹkan méjì péré ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ dáwọ́ ẹ̀ dúró, ẹ má bínú. Omi àárọ̀ àti alẹ́ yẹn ti pọ̀ jù, gbòǹgbò firi tó bá wà nínú ilẹ̀ tó gbóná tó tún rin gbingbin á jẹrà kíá, àìsàn gbòǹgbò kan wà tí àwọn àgbẹ̀ firi ń bẹ̀rù gidi, irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló sì fẹ́ràn. Ẹ má sì fi ìgbẹ́ adìẹ sí i mọ́, pàápàá èyí tí ò tíì jinná, ó máa ń jó igi kékeré nídìí.

Ẹ fi ìrọ̀rùn wú u pẹ̀lú erùpẹ̀ ìdí ẹ̀, kẹ́ ẹ tún un gbìn sínú ìkòkò ńlá tó ní ihò nísàlẹ̀, ẹ po ilẹ̀ pupa mọ́ yanrìn àti ewé tó ti jẹrà, ẹ gbé e síbi tí oòrùn àárọ̀ ti lè kàn án títí di bí aago mẹ́wàá, lẹ́yìn náà kó wà níbòòji. Ẹ fi ewé gbígbẹ bo ìdí ẹ̀ kí ilẹ̀ ibẹ̀ lè tutù. Ẹ ki ìka bọ ilẹ̀, tí orí ìka bá gbẹ kẹ́ ẹ tó bu omi sí i. Mi ò ní tàn yín, Ìyá Ìbejì: èyí lè fún un láwọn oṣù díẹ̀ sí i, ó lè má jẹ́ kó jìyà, ṣùgbọ́n kò lè sọ ọ́ di igi Iléṣà. Tí ọmọ yín bá pè, ẹ sọ fún un pé ẹ tọ́jú ẹ̀. Ẹ tún bá mi sọ fún un pé kó má gbé igi tòun terùpẹ̀ wọ bàálù mọ́, àwọn Nigeria Agricultural Quarantine Service ló ń fúnni níwèé àṣẹ fún irú ẹ̀, nítorí kòkòrò àti àrùn tó lè fara pa mọ́ sínú erùpẹ̀ lè dé oko kòkó àti obì wa, kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ ni èèyàn lára.

Arábìnrin kan kọ̀wé láti Ilé-Ifẹ̀ pé àwọn mẹ́ta ti ń jiyàn ní kíláàsì Bíbélì wọn: ṣé igi firi tí Aísáyà 55:13 ní ó máa hù dípò ẹ̀gún, òun náà ni igi Kérésì?

Ẹ kú àríyànjiyàn o. Ọ̀rọ̀ Hébérù tó wà níbẹ̀ ni berosh, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé òde òní sì gbà pé igi sípírẹ́sì tàbí júnípà ni, ẹ wo àwọn Bíbélì tuntun, ẹ máa rí i níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní firi ni kò ṣìnà pátápátá, torí firi gidi kan wà lórí àwọn òkè Lẹ́bánónì, Síríà àti gúúsù Tọ́kì, Abies cilicica lorúkọ ẹ̀, òun àti igi kédárì ló jọ ń dàgbà pọ̀ níbẹ̀. Abies yẹn lorúkọ ìdílé gbogbo igi firi, wọ́n tó bí àádọ́ta lóríṣiríṣi, gbogbo wọn ló sì wà lápá àríwá ayé.

"Ìyá Ọlọ́gbà, ẹ kú làákàyè. Iṣẹ́ lábù ni mo ṣe fẹ̀yìn tì. Nígbà tiwa, Canada balsam la fi ń lẹ gíláàsì kékeré mọ́ síláìdì tá a bá fẹ́ kí nǹkan tá à ń wò lábẹ́ maikirosíkóòpù pẹ́ láìbàjẹ́. Ẹnì kan sọ fún mi láìpẹ́ yìí pé oje igi Kérésì ni. Ṣé òótọ́ ni? Bàbá Onílábù, Mọ̀dákẹ́kẹ́."

Bàbá, ẹ kú ọjọ́ alẹ́, kí Olúwa jẹ́ kó tura. Òótọ́ pọ́nńbélé ni, inú mi sì dùn pé ẹ bi mí léyìí. Abies balsamea ni igi náà, firi ni, ìlà oòrùn Kánádà àti àríwá ìlà oòrùn Amẹ́ríkà ló ti ń hù. Tẹ́ ẹ bá wo ara èèpo ẹ̀ nígbà tó ṣì kéré, ẹ máa rí nǹkan tó wú kéékèèké bí ìgbà tí omi gbígbóná bó èèyàn lára, oje ló wà nínú ẹ̀. Wọ́n á fi ẹnu agolo tó mú gún un, oje á ṣàn wọnú agolo. Ohun tó jẹ́ kó dáa fún iṣẹ́ yín ni pé tó bá gbẹ, ó ń dúró gbangba bíi gíláàsì, kì í di hóró hóró bí ṣúgà, ìmọ́lẹ̀ á sì gba inú ẹ̀ kọjá bó ṣe ń gba inú gíláàsì fúnra ẹ̀, ojú ò ní rí ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́. Òun ni wọ́n fi ń lẹ lẹ́ńsì méjì pọ̀ nínú awò awọ̀nàjíjìn àti kámẹ́rà fún ìgbà pípẹ́ kí oríṣi èyí tí wọ́n ń fi kẹ́míkà ṣe tó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ẹ̀. Bàbá, ẹ ti fọwọ́ kan firi fún ọ̀pọ̀ ọdún kẹ́ ẹ tó mọ̀ ọ́n.

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Lágéré ni mò ń gbé n'Ífẹ̀. Mo rí i lórí fóònù pé àwọn àgbẹ̀ Dẹ́ńmáàkì ń pa owó gidi lórí igi Kérésì, mo wá ra hóró Nordmann àádọ́ta lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo gbìn wọ́n sínú ọ̀rá lóṣù Kọkànlá, ẹyọ kan ò hù. Bàbá mi ní éékà kan, mo fẹ́ fi ṣe oko ẹ̀. Ṣé hóró yẹn ni ò dáa ni? Tí Ifẹ̀ ò bá sì dáa fún un, Jos ńkọ́?"

Ọmọ mi, o ṣeun tó o kọ́kọ́ bèèrè kó o tó fọwọ́ kan ilẹ̀ bàbá ẹ. Hóró yẹn lè má burú. Hóró firi náà ń sùn bíi igi ẹ̀, o ní láti fún un ní òtútù àtọwọ́dá kó tó lè hù: wọ́n á rẹ ẹ́ sómi di ọjọ́ kejì, wọ́n á pò ó mọ́ yanrìn tó tutù díẹ̀ nínú ọ̀rá, wọ́n á gbé e sínú fìríìjì ní bí dígírì 4, kì í ṣe fírísà o, fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́fà. O mọ bí iná wa ṣe rí, kó o tó rí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí fìríìjì ò ní gbóná, wàhálà ni. Oje tún wà nínú hóró yẹn, kì í pẹ́ kó tó bàjẹ́ tí wọn ò bá tọ́jú ẹ̀ sínú òtútù, òmíràn tiẹ̀ wà tí inú ẹ̀ ṣófo látorí igi.

Ibi tí hóró ti ń wá gan-an jẹ́ nǹkan tó yẹ kó o mọ̀. Ọ̀pọ̀ hóró tí àwọn ará Dẹ́ńmáàkì ń gbìn, láti Jọ́jíà ni, lágbègbè kan tó ń jẹ́ Racha. Lóṣù Kẹsàn-án làwọn ọkùnrin ibẹ̀ máa ń gun igi lọ sókè réré lọ já èso ẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ gùn ún ni pé èso firi ń dúró ṣánṣán lórí ẹ̀ka ni, bí àbẹ́là, kì í rọ̀ sílẹ̀, tó bá sì gbó, orí igi níbẹ̀ ló ti ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ tí hóró á bá atẹ́gùn lọ, o ò lè rí odidi ẹ̀ ṣà nílẹ̀ láéláé. Iṣẹ́ tó léwu ni. Mo máa ń ronú kan àwọn ọkùnrin yẹn, torí àwa tá a ní àwọn tó ń fi igbà gun ọ̀pẹ mọ ohun tó túmọ̀ sí kí èèyàn wà lókè kí ẹsẹ̀ yọ̀.

Ká tiẹ̀ sọ pé ó hù. Lọ́hùn-ún tí gbogbo nǹkan bá a lára mu, ọdún mẹ́jọ sí méjìlá ni kó tó ga tó mítà méjì tí wọ́n á fi gé e tà. Jos tó o bèèrè, òkè ni lóòótọ́, ó tutù ju tiwa lọ, igi páìnì ti ń ṣe dáadáa níbẹ̀, àmọ́ ìgbà ọyẹ́ tí òtútù bá dé ibẹ̀ náà ni ilẹ̀ ibẹ̀ gbẹ táútáú, ọ̀sán á tún gbóná, firi sì fẹ́ kí òtútù àti ọ̀rinrin wà pọ̀. Kì í ṣe pé igi yìí kórìíra Áfíríkà o. Firi wà ní Àlìjíríà lórí òkè Babor, Abies numidica ni wọ́n ń pè é, òmíràn tún wà lórí àwọn òkè Rif ní Mòrókò. Orí òkè níbi tí yìnyín ti ń já ni méjèèjì wà. Ní Guatemala pàápàá tí kò jìnnà sí àárín ayé, firi wà, àfi kó o gun òkè tó 1,800 mítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó o tó rí i. Bí igi bá fẹ́ òtútù tí ìlú ò ní, ó gbọ́dọ̀ gòkè lọ bá a ni.

Má lo éékà bàbá ẹ fún un, ọmọ mi. Tó bá jẹ́ òwò Kérésì lo fẹ́, wá gbin araucaria sínú ìkòkò, mo máa sọ̀rọ̀ ẹ̀ nísàlẹ̀ yìí. Tó bá ti ga tó mítà kan àbọ̀, o lè máa yá àwọn ṣọ́ọ̀ṣì, òtẹ́ẹ̀lì àti báńkì lóṣù Kejìlá, kó o gbà á padà lóṣù Kìíní, kó o tún yá wọn lọ́dún tó ń bọ̀, igi kan náà ni wàá fi pa owó fún ọdún mẹ́ta mẹ́rin kó tó ga ju pálọ̀ lọ. Èmi fúnra mi ti ṣe é pẹ̀lú igi mẹ́fà péré, ó sì wọlé.

Olùkọ́ kan béèrè láti Iléṣà pé igi gíga tó wà níwájú ilé ẹ̀kọ́ àwọn, tí ẹ̀ka ẹ̀ to ní ìpele ìpele, tí gbogbo èèyàn ń pè ní igi Kérésì, ṣé firi ni? Àti pé níbo lòun ti lè rí irú ẹ̀ tó máa hù dáadáa?

Rárá, firi kọ́ o, tíṣà. Araucaria nìyẹn. Erékùṣù kékeré kan tó ń jẹ́ Norfolk, tó wà lójú òkun láàárín Australia àti New Zealand, lọ̀kan nínú wọn ti wá, ọdún 1774 ni James Cook rí i níbẹ̀, ó rò pé ó máa dáa fún òpó ọkọ̀ ojú omi. Ewé ẹ̀ bo ẹ̀ka yíká bí okùn tí wọ́n hun, kò pẹlẹbẹ, kò ní ìlà funfun méjì, inú ooru ló sì ti bí, kò bèèrè òtútù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Òun náà lè ga ju 50 mítà lọ nílé ẹ̀. Àwọn tó tún ń da èèyàn lójú rú ni igi tó ń súfèé tí atẹ́gùn bá fẹ́, ìyẹn casuarina, kì í tiẹ̀ ṣe mọ̀lẹ́bí firi rárá, àti èyí tí gbogbo wa ń pè ní masquerade tí ewé ẹ̀ rọ̀ sílẹ̀ bí aṣọ eégún, Íńdíà nìyẹn ti wá. Tẹ́ ẹ bá rí páìnì náà, ẹ máa mọ̀ ọ́n torí ewé ẹ̀ ń so pọ̀ ni, méjì, mẹ́ta tàbí márùn-ún nídìí kan.

Ìgbà tí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ lóṣù Kẹrin sí Ìkarùn-ún ni kẹ́ ẹ gbin araucaria yín, ní gbangba tí oòrùn wà, kó jìnnà sí ilé tó mítà mẹ́wàá, kó má sì sí lábẹ́ wáyà NEPA, torí ẹni tó bá gé orí ẹ̀ ti bà á jẹ́, kì í tún rí ṣánṣán bíi tàtẹ̀yìnwá.

Ibi tó yẹ kẹ́ ẹ ṣọ́ra jù ni ibi tẹ́ ẹ ti máa rà á. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń tà á létí títì máa ń gé ẹ̀ka ẹ̀gbẹ́ igi ńlá, wọ́n á fi sínú ọ̀rá, á sì ta gbòǹgbò, á rẹwà lójú. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka ẹ̀gbẹ́ ò ní gbàgbé pé ẹ̀gbẹ́ lòun, tẹ́ ẹ bá gbìn ín, ẹ̀gbẹ́ náà lá máa nà sí títí ayé ẹ̀, kò ní gòkè. Mo ti ra mẹ́rin bẹ́ẹ̀ rí, mo tọ́jú wọn fún ọdún méjì kó tó yé mi. Èyí tí wọ́n fi hóró gbìn tàbí tí wọ́n gé látorí ṣóńṣó igi lẹ fẹ́. Ẹ gbé e sókè sójú yín, kẹ́ ẹ wò ó látòkè wá: tí ẹ̀ka bá yí i po káàkiri bí ìràwọ̀, ẹ sanwó, tó bá jẹ́ apá méjì péré ni ẹ̀ka wà, tó tẹ́ pẹrẹsẹ bí abẹ̀bẹ̀, ẹ dá a padà fún un.

Ìyá Ìbejì, mo ti ya ọ̀kan sọ́tọ̀ fún yín nínú ọgbà mi, èyí tí mo fi hóró gbìn ni, ó ti ní ìpele mẹ́ta. Ẹ rán àwọn ìbejì wá gbé e tí òjò bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta mẹ́rin.